Ìwé igba ọdún, owó òní: ṣé kí n ra àtúntẹ̀ ni àbí kí n lọ tẹ PDF?

Ìbéèrè tó délẹ̀ nìyí:

«Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ máàsítà ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn, lórí Galen, oníṣègùn ará Gíríìkì tó ṣiṣẹ́ ní Róòmù láyé àtijọ́. Ọ̀gá mi ní bí mo bá ti fẹ́ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ Galen, àfi kí n kọ ìdìpọ̀ àti ojú ìwé Kühn. Mo wá ìwé tí Kühn yìí kó jọ kiri. Ọdún 1821 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sì ti kú láti 1840. Síbẹ̀, iye tí wọ́n ń dá lé àtúntẹ̀ rẹ̀, màá fi san owó ilé. Bẹ́ẹ̀ mo rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì! Kí gan-an ni àwọn tó ń tún un tẹ̀ ń tà fún wa? Ìwé òkú, wọn ò kọ ọ̀rọ̀ kan kún un. Lójú tèmi, olè ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.»

* * *

Àbúrò, o kú akitiyan. Ọ̀gá rẹ kò ṣì ọ́ lọ́nà.

Karl Gottlob Kühn, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ní Leipzig ní Jámánì, ló kó ìwé Galen jọ láàárín 1821 sí 1833. Ìdìpọ̀ 20 ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n bí o bá kà wọ́n lórí pẹpẹ, 22 lo máa bá, torí pé ìkẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún pín sí méjì-méjì. Gíríìkì wà lókè ojú ìwé, Látìnì wà nísàlẹ̀. Àwọn tó mọ Galen dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ yìn ín. Kò wá ìwé àfọwọ́kọ kiri. Ọ̀pọ̀ ohun tó tẹ̀, inú ìwé tí Chartier ti ṣe ní Paris ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ló ti kó o.

Kí ló dé tí gbogbo ayé ṣì fi ń tọ́ka sí i? Nọ́ńbà ni. Bí mo bá kọ ọ́ pé «XIX 8 K.», ìyẹn ìdìpọ̀ 19, ojú ìwé 8, ti Kühn, ẹni tó wà ní Berlin àti ẹni tó wà ní Ìbàdàn, ibì kan náà ni wọ́n máa ṣí. Ó dà bí nọ́ńbà ilé ní àdúgbò àtijọ́: wọ́n ti wó ilé bàbá àgbà, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá ń wá nọ́ńbà 8 kò ní ṣìnà. Àní àwọn ará Berlin tó ń ṣe Galen tuntun nínú Corpus Medicorum Graecorum, àkójọ ìwé àwọn oníṣègùn Gíríìkì, etí ojú ìwé ni wọ́n ń tẹ nọ́ńbà Kühn sí. Plato náà, nọ́ńbà ìwé tí Henri Estienne tẹ̀ ní 1578 la fi ń pè é. Aristotle, ti Bekker ní Berlin, 1831.

Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Galen ni wọ́n ń tà fún ọ. Ojú ìwé ni wọ́n ń tà: kí ojú ìwé 8 nínú ìdìpọ̀ 19 bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ní Leipzig, kó sì parí síbi tó ti parí. Ilé iṣẹ́ Olms ní Hildesheim, ní Jámánì, ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1964 àti 1965. Cambridge náà gbé tiwọn jáde ní 2011, àmọ́ tiwọn kì í sí nílẹ̀: ìgbà tí oníbàárà bá béèrè ni ẹ̀rọ máa tẹ ẹ̀dà kan fún un.

Bóyá ojú ìwé yẹn tó iye tí wọ́n dá lé e, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. A ó débẹ̀.

* * *

Mo rí i nínú èsì yín pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀ lórí «olè» tí àbúrò wa pè wọ́n. Apá kan ń sọ pé òkú kì í ní ẹ̀tọ́, kálukú lè ṣe ohun tó wù ú. Apá kejì ní ogún gbogbo ayé ni, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni gba owó lórí rẹ̀. Mi ò bá ẹnì kankan lọ nínú yín.

Òkú ní ẹ̀tọ́. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2022, fún òǹkọ̀wé ní gbogbo ayé rẹ̀ àti 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jámánì. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ fún ìwé àtijọ́: ọdún tí ìwé jáde ni wọ́n ti ń ka 95. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń kó sí wàhálà ni pé wọ́n ń wo bí ìwé ṣe gbó lójú, wọn kì í wo ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ kú. Wilamowitz, ọ̀jọ̀gbọ́n Gíríìkì ní Berlin, kú ní 1931. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2002 ni ìwé rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé ní ilẹ̀ Yúróòpù. Eduard Norden, ọ̀jọ̀gbọ́n Látìnì, fi Jámánì sílẹ̀ nítorí Hitler, ó kú ní Zürich ní 1941: tirẹ̀, 2012. Ṣùgbọ́n Eduard Fraenkel, tí òun náà sá fún Hitler tó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, ó di 1970 kó tó kú. Àlàyé rẹ̀ lórí Agamemnon, eré Gíríìkì àtijọ́ kan, ìdìpọ̀ mẹ́ta tí Oxford tẹ̀ ní 1950, ṣì wà lábẹ́ òfin títí 2040 á fi parí. Ìwé tó ti gbó, tí etí rẹ̀ ti pọ́n, àmọ́ bí o bá tún un tẹ̀ láìgbàṣẹ, olè lo jà.

Ti Kühn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ lọ́la. Kò sì sí òfin tó ní kó máà tà á. Bébà, ọ̀dà, ìdìwé, ibi ìkẹ́rù, ọ̀fẹ́ kọ́ ni gbogbo wọn. Olùdìwé kì í sọ pé «ó ti kú ní 1840, má wulẹ̀ sanwó».

Ohun tó ń bí èmi nínú ni àwọn tó ya ojú ìwé òkú ní fọ́tò tán, tí wọ́n wá tẹ òǹtẹ̀ síwájú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á kọ. Lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìtẹ̀wé ní ẹ̀tọ́ ọdún 25 lórí bí wọ́n ṣe to lẹ́tà sójú ìwé. Àmọ́ òfin kan náà ní bó bá jẹ́ pé ìtò ìwé àtijọ́ ni o kàn dà kọ, o ò ní ẹ̀tọ́ tuntun kankan lórí ìtò yẹn. Bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú tuntun, ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn ni tiwọn. Bí wọ́n bá fi atọ́ka tuntun sẹ́yìn, atọ́ka ni tiwọn. Ìyókù, ariwo lásán.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó ní «PDF ti pa àtúntẹ̀, ẹ lọ sinmi», mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà tán. Mo ti jẹ ìyà PDF rí.

Òótọ́ ni pé Kühn wà níta. Láíbìrì ìṣègùn BIU Santé ní Paris gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni kí àbúrò wa kọ́kọ́ lọ. Internet Archive náà ní in. HathiTrust, láíbìrì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Amẹ́ríkà, ní ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìwé mìíràn wà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó jókòó sí Chicago tí wọ́n sì tì mọ́ ẹni tó wà ní Ìbàdàn, torí pé òfin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ó wá ku kíkà. Ìdìpọ̀ Kühn kan lè tó ojú ìwé 800 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú fóònù? Pẹ̀lú iná tiwa? Ẹni tó bá fẹ́ kà á bí ìwé, Àgbowó ni yóò gbà lọ, iwájú géètì yunifásítì, kí àwọn ọmọ tó ń tẹ bébà níbẹ̀ bá a tẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Gíríìkì ní àmì kékeré kan tó máa ń jókòó lórí fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bó bá kọjú síhìn-ín, a ó pe «h» ṣíwájú; bó bá kọjú sọ́hùn-ún, a ò ní pè é. ὄρος, òkè ni. ὅρος, ààlà ilẹ̀ ni. Ẹ fi ojú yín sún mọ́ méjèèjì dáadáa kí ẹ rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Àwa tí a ní ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tí irú àmì bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Bí wọ́n bá ya ojú ìwé náà ní dúdú-àti-funfun lásán, àmì á di ìdọ̀tí, ìdọ̀tí á sì di àmì. Àmì kan tún wà tó ń pamọ́ sábẹ́ lẹ́tà, ᾳ, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ parẹ́.

Àbúrò, bí o bá máa tẹ̀ ẹ́, fáìlì tó ní àwọ̀ eérú ni kí o gbà, má gba èyí tí wọ́n ti sọ di dúdú-àti-funfun kó lè fúyẹ́. Sọ fún ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ kó má jẹ́ kí ẹ̀rọ sún ojú ìwé kì. Ìwọ̀n tó wà lóòótọ́ ni kó tẹ̀. Wọn ò ní fẹ́ gbọ́, wọ́n á ní «ó ti dáa báyìí». Dúró tì wọ́n.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Jebb fún yín, kí ẹ tó ní mò ń gbèjà àwọn oníṣòwò.

Richard Jebb ti Cambridge ṣe eré méje tó ṣẹ́kù lódindi lára ti Sophocles, òǹkọ̀wé eré Gíríìkì àtijọ́, láàárín 1883 sí 1896, ìdìpọ̀ kan fún eré kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe tò ó nìyí: Gíríìkì lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún, àlàyé rẹpẹtẹ lábẹ́ méjèèjì. Láàárín Gíríìkì àti àlàyé, ìlà kéékèèké wà tó ń sọ ohun tí ìwé àfọwọ́kọ kọ̀ọ̀kan wí. Ẹni tó bá ń kọ iṣẹ́ gidi, ìlà kéékèèké yẹn ló ń wá, torí pé ọ̀rọ̀ Sophocles lásán wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Perseus, ìkànnì tó kó ìwé Gíríìkì jọ, láìsí ìlà kéékèèké yẹn.

Mo rí «àtúntẹ̀» Oedipus Tyrannus, ọ̀kan nínú eré méje náà, lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó rẹ̀ kò wọ́n. Èèpo rẹ̀ ní àwòrán etíkun, ọ̀pẹ méjì, oòrùn tó ń wọ̀. Ó yẹ kí n ti fura. Nígbà tó dé, mo ṣí i síbi tí eré ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ọba ti bọ́ síta tó kí àwọn ọmọ ìlú:

ὦ τέκνα, Κάδμου τοῦ πάλαι νέα τροφή

Ohun tó wà nínú ìwé mi nìyí:

& réxva, KdSpov rod mdXai via rpo(pij

Kò sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó yà á ní fọ́tò pàápàá. Wọ́n fún ẹ̀rọ ní PDF kó ka lẹ́tà inú rẹ̀, ẹ̀rọ tí kò gbọ́ Gíríìkì rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni, ó wá sọ gbogbo ὁ di 6. Nígbà tó sì dé ojú ìwé tó ní apá méjì, kò mọ̀ pé ó yẹ kó ka òsì tán kó tó bọ́ sí ọ̀tún, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì wá kó sáàárín àlàyé, àlàyé kó sáàárín Gíríìkì. Ojú ìwé kejì ìwé náà sọ wẹ́rẹ́ pé àṣìṣe díẹ̀ lè wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn fẹ́ràn ogún àtijọ́, àwọn ò fẹ́ kó parun. Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n dá owó mi padà. Èsì wọn: ìwé náà kò bàjẹ́, kò sí ojú ìwé tó ya.

Ó wà nílé mi títí dòní. Abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ló ń gbé.

Láti ìgbà náà, mi ò ra àtúntẹ̀ kankan láìjẹ́ pé mo rí fọ́tò ojú ìwé kan láàárín rẹ̀, níbi tí Gíríìkì wà. Èèpo kọ́, ojú ìwé àkọ́kọ́ kọ́. Mo tún máa ń wo iye ojú ìwé tí wọ́n kọ, mo fi wé èyí tí láíbìrì ńlá kọ sílẹ̀ fún ìwé náà, àti nọ́ńbà Róòmù tó máa ń wà níwájú pàápàá, torí pé ọ̀rọ̀ ìṣáájú ni wọ́n sábà máa ń gé dànù. Máàpù tó ṣẹ́ pọ̀ nínú ìwé, ẹ má retí rẹ̀: àwọn tó yà á kì í tú u. Ẹ ó kàn rí ẹ̀yìn bébà tó ṣẹ́ pọ̀, pẹ̀lú ọmọ ìka ẹnì kan tó wọ rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí kò bá sì sí ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé náà níbikíbi lójú ewé tí wọ́n ti ń tà á, ẹ sá.

* * *

Ẹnì kan béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ àwọn ará Jámánì ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ó yà kúrò lórí ìbéèrè díẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀.

Leipzig ni ìlú àwọn atẹ̀wé nígbà náà. Níbẹ̀ ni Kühn ti jáde, níbẹ̀ ni ilé ìtẹ̀wé Teubner ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé Gíríìkì àti Látìnì rẹ̀ láti 1849. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1943, ọkọ̀ òfuurufú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ju bọ́ǹbù sí ìlú náà, àdúgbò àwọn atẹ̀wé sì jóná lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìwé tó wà nílẹ̀ jó, irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ jó. Ogun parí, yunifásítì ṣí, ọ̀jọ̀gbọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sí ìwé. Ní 1949, àwọn kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Tübingen, èyí tó kó lọ sí Darmstadt lẹ́yìn náà, tí a wá mọ̀ sí Wissenschaftliche Buchgesellschaft. Ó fara jọ àjọ dídá: ọmọ ẹgbẹ́ ń sanwó, owó náà ni wọ́n fi ń tún ìwé tó ti tán nílẹ̀ tẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi rò pé àtúntẹ̀ ti níyì jù. Àwọn tó fẹ́ ka ìwé náà ló ń tẹ̀ ẹ́.

Yunifásítì tuntun wá ń ṣí káàkiri ayé. Ìbàdàn tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 1948, Classics sì wà lára ẹ̀ka tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láíbìrì tuntun kò lè rí Kühn ti 1821 rà lọ́jà. Ta ni wọ́n máa rà lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò ṣe àwọn atúntẹ̀?

Bébà náà tún wà ńbẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ ọdún méjì nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ láíbìrì kan nílùú Òyìnbó, èmi ni mò ń gbé ìwé jáde fún àwọn tó béèrè. Bí mo bá gbé ìwé 1890 tán, èérún bébà á kún àyà ẹ̀wù mi bí ẹni tó jẹ gúgúrú. Ìwé 1825 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́ kóńdọ́kọ́ndọ́ bí aṣọ tuntun, kò sóhun tó ṣe é. Aṣọ ló sì jẹ́ lóòótọ́: àkísà ni wọ́n fi ń ṣe bébà nígbà náà. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n yí padà sí igi, tí wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù sí i, ásíìdì inú rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó fi jẹ́ pé àwọn ìwé tó sún mọ́ wa ló nílò àtúntẹ̀ ju ti àwọn baba wọn lọ.

* * *

«Ṣebí wọ́n á kúkú tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe bí wọ́n ti ń tún un tẹ̀?»

Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Migne ní Paris kó ìwé àwọn baba ìjọ jọ, ti Látìnì nìkan ju ìdìpọ̀ 200 lọ. Ní 1868 iná jó ilé ìtẹ̀wé rẹ̀, irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ Garnier tún un tẹ̀ láti àwọn ọdún 1880. Àmọ́ tuntun yìí kò bá ti àkọ́kọ́ mu níbi gbogbo: ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ sún, ìtò yí padà. Ẹnì kan á tọ́ka sí nọ́ńbà kan láti inú ẹ̀dà 1850, ìwọ á ṣí ẹ̀dà tìrẹ, o ò ní bá a níbẹ̀, o ó wá máa bú òǹkọ̀wé pé òpùrọ́ ni. Mo ti bú ẹnì kan bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀dà ọwọ́ mi ló yàtọ̀.

Tàbí kí n mú un wálé. Ọdún kan náà, 1843, ni atúmọ̀ èdè Gíríìkì ti Liddell àti Scott kọ́kọ́ jáde ní Oxford, tí ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe sì jáde ní London. Ká ní ẹnì kan tún Crowther tẹ̀ lónìí, tó wá fi àkọtọ́ òde òní tún gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ. Ó máa dùn ún kà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú láti kọ èdè wa sílẹ̀ nígbà tí kò tíì sí ìlànà kankan, ìwé yẹn kò wúlò fún un mọ́. Bí o bá ní àtúnṣe, fi í sẹ́yìn ìwé, ní bébà tìrẹ.

* * *

Ó ku ẹni tó sọ pé kí ló dé tí à ń ru òkú ìwé kiri nígbà tí ìmọ̀ ti kọjá ibẹ̀. Òun ló sún mọ́ òtítọ́ jù nínú gbogbo àwọn tó bá mi jà.

Jebb kú ní 1905. Ní 1912 ni wọ́n tẹ Ichneutai jáde, eré Sophocles tí wọ́n hú lábẹ́ ilẹ̀ ní Oxyrhynchus ní Íjíbítì. Jebb kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ti Galen tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2005, akẹ́kọ̀ọ́ ará Faransé kan ṣí ìwé àfọwọ́kọ kan ní ilé àwọn mọ́ńkì Vlatadon ní Thessaloniki, ó bá ìwé Galen kan tí gbogbo ayé rò pé ó ti sọnù. Nínú rẹ̀, Galen ń sọ nípa iná tó jó Róòmù ní ọdún 192, tó jó ìsọ̀ ìkẹ́rù tó kó ìwé àti oògùn rẹ̀ sí. Ó ń ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ìdí tí inú òun kò fi bàjẹ́. O lè wo Kühn láti ìdìpọ̀ 1 dé 20, o ò ní rí i. Kò lè sí níbẹ̀.

Ìwé àfọwọ́kọ yẹn tún dí ihò tó wà nínú ìwé kékeré tí Galen kọ nípa àwọn ìwé tirẹ̀. Véronique Boudon-Millot tẹ èyí ní tuntun ní 2007, lọ́dọ̀ Les Belles Lettres ní Paris. Nítorí náà, àbúrò, bí o bá fẹ́ mọ ohun tí Galen wí, Boudon-Millot ni kí o kà. Bí o bá fẹ́ sọ fún ayé ibi tó ti wí i, nọ́ńbà Kühn ni kí o kọ. Bí ọ̀gá rẹ bá rí i pé Kühn nìkan lo kà, ó máa dá ọ padà, ó sì tọ̀nà.

Nítorí náà, má fi owó ilé ra ìdìpọ̀ 22. Láíbìrì ló yẹ kó ra ìyẹn. Ìwọ, tẹ èyí tí o nílò.

* * *

Àbúrò wa ti padà wá. Ó ní òun ti gba ìdìpọ̀ 19 láti BIU Santé, òun ti lọ sí Àgbowó, wọ́n ti tẹ ojú ìwé mélòó kan wò, òun ò mọ bóun á ṣe mọ̀ bóyá ó dáa tó kí òun tó sanwó ìyókù.

Ṣí ojú ìwé 8. Ibẹ̀ gan-an ni Galen ti ń sọ pé òun wà ní Sandalarium, àdúgbò tí ìsọ̀ àwọn tó ń tàwé pọ̀ sí jù ní Róòmù, tí òun bá àwọn kan tó ń jiyàn lórí ìwé kan tí wọ́n ń tà. Orúkọ Galen wà lára rẹ̀. Ẹnì kan ti rà á gẹ́gẹ́ bí ìwé Galen. Ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀wé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ka ìlà méjì péré, ó ní èyí kì í ṣe èdè Galen, irọ́ ni àkọlé rẹ̀.

Gbé ojú ìwé yẹn síta, nínú oòrùn, má fi awò wò ó. Bí o bá rí ὁ tó yàtọ̀ sí ὀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, san ìyókù owó wọn. Má jẹ́ kí wọ́n fi wáyà yíyí dì í o, ojú ìwé 800 á fà á ya láàárín oṣù kan. Pín in sí méjì, kí wọ́n fi òwú rán an, kí wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀ lápá ibi tí wọ́n máa rán kí ọ̀rọ̀ má bàa wọ inú ìdì. Kí o sì kọ «Kühn XIX» sẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà, torí ẹni tó máa yá a lọ́wọ́ rẹ wà nítòsí.